Fìlà Ọmọ Tuntun Tí Mo Hun Nígbà Ìyanṣẹ́lódì

Ní ọdún tí àwa olùkọ́ yanṣẹ́ lódì títí tí àwọn ọmọ iléèwé fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé orúkọ wa, ìyàwó mi nìkan ni iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ilé wa ní Ìkọ̀lé. Súwẹ́tà iléèwé ló ń hun. Ẹ̀rọ ìhunṣọ rẹ̀ wà nínú pálọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, bó bá sì ti ń fà á lọ, tó ń fà á bọ̀, gbogbo ilé á máa dún ṣàrà-ṣàrà látàárọ̀. Àwọn iléèwé aládàáni ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ̀ sí i nígbà náà, láti Ọ̀yẹ́ títí dé Ìlógbò, kálukú wọn ló sì ní àwọ̀ tirẹ̀: àwọ̀ ewé, pupa rúsúrúsú, yẹ́lò tó ń dunni lójú. Ìyókù òwú wúùlù wọn ló ń kó sínú àpò ìrẹsì kan lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Kì í da ẹyọ kan nù. Àpò yẹn ti ga tó èèyàn tó jókòó, àlejò kan tiẹ̀ ti kí i rí nígbà tí kò síná.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, mátírọ́ọ̀nù ilé ìgbẹ̀bí wá bá ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ó ní ọyẹ́ ń bọ̀, pé àwọn kan tó ń bímọ lọ́dọ̀ òun kò ní ohun tí wọ́n máa fi bo orí ọmọ, àfi àkísà. Kó tó sọ̀rọ̀ tán, ìyàwó mi ti dìde.

"Mo ní òwú nílé. Màá hun fìlà fún gbogbo wọn."

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ìgbà tó délé ló bá iṣẹ́ tí àwọn iléèwé kan rán sí i, pé àwọn fẹ́ gba súwẹ́tà àwọn kí ọyẹ́ tó mú. Ó jókòó síwájú ẹ̀rọ rẹ̀, ó wò mí. Mo fẹ̀yìn ti àga, mò ń gbọ́ rédíò.

"Dádì," ó ní, "ṣebí ẹ sọ fún mi nígbà kan pé wọ́n kọ́ yín ní híhun níléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀?"

Òótọ́ ni mo sọ. Tíṣà obìnrin tó kọ́ wa kò gbà pé iṣẹ́ ọwọ́ kan wà fún ọkùnrin, òmíràn wà fún obìnrin. Ẹyọ ìgbálẹ̀ la fi ń hun. Ẹni tí bàbá rẹ̀ bá ní kẹ̀kẹ́ á lọ yọ sípóòkù wá. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ti pẹ́.

"Mo ti gbàgbé," mo ní.

"Ẹ máa rántí. Àbí kí n lọ sọ fún mátírọ́ọ̀nù pé ọkọ mi ń gbọ́ rédíò lọ́wọ́?"

Bí mo ṣe di ahunfìlà nìyẹn. Ẹ̀yìnkùlé ni mo máa ń jókòó sí, lábẹ́ igi ọsàn, kí ẹnikẹ́ni má baà rí mi. Ọwọ́ mi rántí lóòótọ́: fi abẹ́rẹ́ kọ́ òwú, fà á jáde, sún un kúrò. Ohun tí mi ò rántí ni bí wọ́n ṣe ń dín ojú òwú kù kí fìlà lè padé lókè. Mò ń hun, ó ń fẹ̀. Nígbà tí òwú kan bá tán, màá so àwọ̀ mìíràn mọ́ ọn. Inú mi dùn púpọ̀ nígbà tí mo gbé e wọlé fún ìyàwó mi.

Ó dé e lé orí ìborí rẹ̀. Fìlà náà bo ojú, ó bo etí, ó balẹ̀ sí èjìká.

"Dádì," ohùn rẹ̀ ń ti inú fìlà jáde, "orí ta lẹ wọ̀n?"

"Mi ò wọn orí ẹnikẹ́ni."

"Ó hàn."

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Mo ní kí n tú u, ó ní rárá, pé tí inú bá bí òun lọ́jọ́ kan, òun á máa wò ó. Lẹ́yìn náà ló lọ sí ilé ìdáná, ó mú àgbọn kan wá, ó ní orí ọmọ tuntun kò jù báyìí lọ, kí n máa fi wọ̀n ọ́n. Láti ọjọ́ yẹn, àgbọn yẹn ló ń wọ fìlà ṣáájú gbogbo ọmọ.

Ìgbákejì ọ̀gá iléèwé wa ló tú àṣírí mi. Ìṣirò ló ń kọ́ni, ọkùnrin gíga, orí rẹ̀ pá, ó ń dán, mi ò sì rí ẹ̀rín rẹ̀ rí láti ọdún tí mo ti mọ̀ ọ́n. Ó yà láti wá sọ ìròyìn ìyanṣẹ́lódì fún mi. Pálọ̀ ni mo ti ń hun lọ́jọ́ náà nítorí òjò tó ṣú. Bí mo ṣe gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, mo ti abẹ́rẹ́ àti fìlà bọ abẹ́ tìmùtìmù àga. Àga yẹn gan-an ló sì lọ jókòó sí.

"Yéè!" Ó fò dìde. "Kí ló gún mi yìí?"

"Ẹ má bínú, sà. Abẹ́rẹ́ ìyàwó mi ni."

Ó ń fi ọwọ́ méjèèjì pa ìdí rẹ̀, ó sì rí ohun tó wà lórí tábìlì.

"Tíṣà, àgbọn yín dé fìlà."

"Òtútù ń mú un, sà," ni mo wí. Mi ò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti wá.

Ó sọ ìròyìn tó mú wá, pé ìjọba kò tíì sọ nǹkan kan, ó sì dìde. Mo sìn ín jáde gẹ́gẹ́ bí ọmọlúàbí. A ti rìn dé ìtòsí oríta, à ń sọ̀rọ̀ owó oṣù, nígbà tí mo ṣàkíyèsí pé gbogbo ẹni tí a bá pàdé ló ń rẹ́rìn-ín. Èmi àti ọ̀gá jọ wẹ̀yìn. Òwú yẹ́lò kan ti ẹnu ọ̀nà wa jáde, ó kọjá lórí gọ́tà, ó gba etí títì bọ̀, ó sì parí sí ara bọ́tìnnì ṣòkòtò mi. Ní àárín ọ̀nà, ewúrẹ́ kan ti ń jẹ ẹ́. Ìyàwó mi yọrí síta, ó lọgun:

"Dádì! Ẹ ti tú fìlà tí ẹ̀ ń hun tán o!"

Ọ̀gá wò mí láti òkè délẹ̀. Lẹ́yìn náà ló di òpó iná mú, ó rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n fi ẹ̀rín pamọ́ fún láti kékeré.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo olùkọ́ Ìkọ̀lé ti gbọ́. Níbi tí a ti máa ń ka ìwé ìròyìn, wọ́n á ní, "Ìyá Onífìlà, ẹ kú iṣẹ́ o!" Ojú kọ́kọ́ tì mí, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ti mọ̀ tán, kí ni mo tún ń sá fún? Mo gbé àga mi bọ́ sí iwájú ilé.

Lọ́jọ́ tí a kó àwọn fìlà lọ sí ilé ìgbẹ̀bí, ọyẹ́ ti dé, ètè gbogbo wa ti là. Àwọn ìyá ń kọrin, èmi ni mo gbé páálí. Bí wọ́n ṣe ń pín in ni wàhálà dé. Ìyá ọmọ kan tí wọ́n fún ní yẹ́lò dá a padà.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi pààrọ̀ rẹ̀. Àwọ̀ iléèwé tí wọ́n ti lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jáde nìyí."

Wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Ìyá àgbà kan dé tirẹ̀ fún ọmọ-ọmọ rẹ̀, ó ní, "Uṣẹ́ rere nìyí o." Mátírọ́ọ̀nù bá ní ká di ojú wa, ká gbàdúrà fún màmá tó hun àwọn fìlà náà.

"Olúwa, bùkún ìyá yìí. Má jẹ̀ẹ́ kí ọkọ rẹ̀ kọ̀ ọ́ sílẹ̀."

"Àmín!" ni mo wí. Èjìká ìyàwó mi ń gbọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Nígbà tí àdúrà parí, ó nawọ́ sí mi, ó ní, "Màmá náà nìyí." Gbogbo ilé hó.

Ìgbà yẹn ni mo rí ìgbákejì ọ̀gá wa ní kọ̀rọ̀, ó gbé fúláàsì ògì dání. Ọmọbìnrin rẹ̀ ló bímọ ní àná. Fìlà kò sì kárí dé ọ̀dọ̀ ọmọ náà. Èyí tí mo kọ́kọ́ hun, tí ìyàwó mi kó mọ́ ọn láti fi pa wọ́n lẹ́rìn-ín, ló kù nísàlẹ̀ páálí. Wọ́n dé e fún ọmọ. A ò rí ọmọ mọ́. Bàbá àgbà tuntun rọra yọ ọ́, ó yí i wò, ó sì dé e lé orí ara rẹ̀. Ó ṣẹ́ etí fìlà náà sókè, ó sì bá a mu rẹ́gí. Kò ṣí i mọ́.

"Ẹ bá mi hun ti ọmọ," ó rọra sọ fún mi. "Ẹ jẹ́ kó bá tèmi mu."

Nígbà tí a wọlé iṣẹ́ padà, fìlà yẹn ló ń dé wá sí iléèwé láràárọ̀. Olùkọ́ kan bi í ní ibi tó ti rà á.

"Ọmọ mi ló fi ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù," ni ọ̀gá wí.

Mo tẹjú mọ́ ṣọ́ọ̀kì ọwọ́ mi.

Ẹgbẹ́ àwọn ìyá kò jẹ́ kí n lọ mọ́. Wọ́n fún mi ní àga nínú ìpàdé wọn, èmi nìkan ọkùnrin, bí a bá sì ti ń hun, wọ́n máa ń gbàgbé pé mo wà níbẹ̀. Mo gbọ́ nípa ọkọ gbogbo ilé. Lọ́jọ́ kan, wọ́n sọ ti ọkùnrin kan tó ń jẹun tán tó ń fi àwo sílẹ̀ lórí àga, tí eṣinṣin á máa bò ó títí ìyàwó rẹ̀ á fi dìde nídìí iṣẹ́ wá kó o. Gbogbo wọn pòṣé. Mo ní, "Irú ọkùnrin wo nìyẹn?" Wọ́n wo ara wọn, wọ́n tún wo ìyàwó mi. Ìyàwó mi ń ka ojú òwú rẹ̀, kò gbójú sókè.

Nígbà tí mo jẹ ẹ̀bà tán nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo dìde, mo gbé àwo mi lọ sí ilé ìdáná, mo fọ̀ ọ́.

"Dádì, ṣé kò sí o?" ìyàwó mi bi mí láti pálọ̀.

"Kò sí," mo ní.