Lẹ́sìnnì Inú Ilé Tábà

Nígbà tí mo ṣì wà ní kékeré ní Ṣakí, kò sí oṣù tí mo fẹ́ràn bí oṣù kẹjọ. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ẹgbẹ́ mi á rántí. Ilé ìwé ti gba ìsinmi, iṣu tuntun ti dé, òjò kàn ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀ ni, ìkùukùu á sì bo orí àpáta títí oòrùn á fi gòkè. Láàárọ̀ a ó gbé igbá, a ó lọ ṣa èso emi lẹ́yìn ìlú. A ó jẹ ara rẹ̀ tó dùn lójú ọ̀nà, a ó sì kó kóró rẹ̀ wálé fún ìyá mi, tó ń fi í ṣe òrí. Kí a tó dé, ó ti ra wàrà lọ́wọ́ àwọn obìnrin Fúlàní, ó ti dín in, ó ti bu ata sí i. Lẹ́yìn ìyẹn, eré suwe ló kù. Ẹni tó bá fi eré gbàgbé omi pípọn yóò kúnlẹ̀, yóò na ọwọ́ méjèèjì sókè, títí apá rẹ̀ á fi máa gbọ̀n.

Ní ọdún tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, bàbá mi gba oṣù kẹjọ lọ́wọ́ mi.

Àgbẹ̀ oníṣu ni bàbá mi. Ẹ̀gbọ́n mi Ràfíù ti fi ilé ìwé sílẹ̀, ó ti lọ kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì ní Ìṣẹ́yìn láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, gbogbo ìrètí bàbá mi sì wá kó sórí èmi nìkan. Dókítà ló fẹ́ kí n jẹ́. Ó gbọ́ pé Tíṣà Làmídì ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní ìṣirò lásìkò ìsinmi, ó fà mí lọ́wọ́, ó di ilé Tíṣà.

"Baba Ràfíù, ọmọ yìí kéré," Tíṣà wí. "Àwọn tó ti lo ọdún mẹ́ta ní girama ni mò ń kọ́. Òun ò tíì kúrò nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀."

"Ara rẹ̀ ló kéré, Tíṣà. Ọpọlọ rẹ̀ ò kéré."

Tíṣà wò mí, ó pẹ́. Nígbà tó yá, ó ní kí wọ́n mú mi wá lọ́jọ́ kejì.

Ẹ̀yìn ìlú ni lẹ́sìnnì náà wà, lójú ọ̀nà Àgọ́-Àrẹ, nínú ilé gíga kan tí wọ́n ti ń fi iná mú ewé tábà gbẹ láyé àtijọ́. Kò ní fèrèsé, àfi àwọn ihò kéékèèké lókè pátápátá. Ó ní ilẹ̀kùn kan níwájú, ó ní òmíràn lẹ́yìn tó ṣí sínú koríko tó ga ju àgbàlagbà lọ. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti mú tábà gbẹ níbẹ̀ kẹ́yìn, síbẹ̀ òórùn rẹ̀ kò kúrò lára ògiri. Bí o bá sọ̀rọ̀ nínú ilé náà, ohùn rẹ á gòkè lọ, á sì pẹ́ díẹ̀ kó tó padà wá, bíi pé ẹnì kan kọ́kọ́ gbà á wò.

Àwọn ọmọ ńláńlá ti fún ara wọn mọ́ orí bẹ́ǹṣì ní mẹ́rin mẹ́rin. Ṣùgbọ́n tábìlì kan wà lẹ́yìn, nítòsí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, tòun ti àga rẹ̀, tí ẹnì kankan kò jókòó sí. Orí rẹ̀ mọ́ tónítóní. Mo lọ jókòó síbẹ̀.

Ariwo dáwọ́ dúró lẹ́ẹ̀kan náà. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Bíńtà yíjú padà, ó ní, "Má jókòó síbẹ̀ o."

"Kí ló dé?"

Kó tó dáhùn, Tíṣà ti wọlé. Ó rí mi lórí àga náà, ó sì dúró gbagidi, ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ fi í sílẹ̀," ó wí jẹ́jẹ́. "Kó jókòó síbẹ̀."

Mo mọ̀ pé nọ́ńbà ni wọ́n fi ń ṣe ìṣirò. N kò mọ̀ pé wọ́n tún ń fi ABD ṣe é. Tíṣà kọ lẹ́tà sí ojú pátákó, ó so ó mọ́ nọ́ńbà, ó tún gbé nọ́ńbà kékeré gẹṣin lé e lórí, ó sì bi wá pé mélòó ni lẹ́tà náà. Mo rò pé ẹ̀fẹ̀ ni. Mo rẹ́rìn-ín, ó sì ní kí n dúró lórí ẹsẹ̀ kan títí di ìgbà tí a ó jáde.

Lẹ́yìn ìrun Àláásárì, bàbá mi á tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, á ní kí n gbé ìwé wá. Kò mọ ìṣirò náà, ṣùgbọ́n ó mọ àmì tí Tíṣà ń fi sábẹ́ èyí tí kò dára. Ó ń ka àwọn àmì náà, ìkúnlẹ̀ mi sì ń gùn sí i bí wọ́n bá ṣe pọ̀ tó.

"Ṣé ó ń yé ọ?"

"Ó ń yé mi, bàbá."

Kí ni kí n sọ? Ojú tó fi ń wò mí kò gba ìdáhùn mìíràn.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, báírò mi jábọ́ sínú àpótí abẹ́ tábìlì náà. Mo na ọwọ́ wọlé láti mú un, ọwọ́ mi sì kan ìwé kan tó há sí kọ̀rọ̀. Èèpo rẹ̀ ti ya, kò sí orúkọ lára rẹ̀. Inú rẹ̀ kún fún ìṣirò. Lẹ́tà ẹni tó kọ ọ́ kéré, ó dagun sí apá òsì, ẹni náà sì máa ń fa ìlà kọjá ìbàdí nọ́ńbà 7. Nísàlẹ̀ ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, ó kọ ọ́ síbẹ̀: "Ó yé mi."

Tíṣà kọ ìbéèrè sí pátákó. Mo wo ìwé náà. Ìbéèrè kan náà ló wà níbẹ̀, ìdáhùn sì wà lábẹ́ rẹ̀.

Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ̀ pé Tíṣà kì í yí ìbéèrè rẹ̀ padà láti ọdún dé ọdún. Nígbà náà, ohun tí mo gbà gbọ́ ni pé ẹni tó ni ìwé yìí mọ ohun tí Tíṣà fẹ́ béèrè kó tó béèrè. Ẹ̀rù bà mí. Síbẹ̀, mo dà á kọ. Mo gba gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ náà, mo gba gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Bàbá mi ra wàrà odindi igbá kan fún mi, ó sì ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá kọjá lẹ́nu ọ̀nà pé dókítà òun ti ń bọ̀. Mo fi èyí tó pọ̀ jù nínú wàrà náà sílẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, n kò mọ bí mo ṣe lè là á yé yín. Nọ́ńbà 7 mi bẹ̀rẹ̀ sí í ní ìlà ní ìbàdí. Lẹ́tà mi dagun sí òsì. Lọ́jọ́ kan mo ṣí ìwé ara mi, mo rí i pé mo ti kọ "Ó yé mi" sísàlẹ̀ gbogbo ojú ìwé, n kò sì rántí ìgbà tí mo kọ ọ́. Ìyá mi bá mi nídìí igi emi níbi tí mo ti ń dá sọ̀rọ̀.

"Baba Ràfíù, ọmọ yìí ń bá ẹni tí mi ò rí sọ̀rọ̀," ó wí.

"Ìṣirò ló ń rò," bàbá mi dá a lóhùn. "Bí àwọn dókítà ṣe ń ṣe nìyẹn."

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Tíṣà ń pe orúkọ wa. Nígbà tó kàn mí, ó gbé ojú sókè, ó wo apá ẹ̀yìn, ó sì pè: "Sẹ̀kínátù."

"Mo wà níbí, sà," mo dáhùn.

Rùkáyátù ni orúkọ mi. N kò gbọ́ orúkọ tó pè yẹn rí nínú ilé náà. N kò tilẹ̀ mọ̀ pé mo ti dáhùn títí mo fi rí Bíńtà tó fi ọwọ́ bo ẹnu. Ṣọ́ọ̀kì bọ́ lọ́wọ́ Tíṣà. Ó ṣà á nílẹ̀, kò sì pe orúkọ tó kù.

Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ kẹrin ni ọ̀rọ̀ náà dé góńgó. Ìkùukùu kò tètè kúrò lọ́jọ́ náà, ó ń gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wọlé wá bá mi lórí ìjókòó. Tíṣà kọ ìbéèrè, mo sì ṣí ìwé. Ojú ìwé tó kẹ́yìn nìyẹn. Ẹni tó ni ìwé ṣe ìṣirò náà dé ìdajì, ó wá fa ìlà kan láti ibẹ̀ lọ sí etí ìwé. Kò kọ "Ó yé mi." Ohun tó kọ ni: "Ó ti rẹ̀ mí. Mò ń lọ síbi tó dákẹ́."

"Rùkáyátù, wá ṣe é."

Mo lọ síwájú. Mo kọ ọ́ dé ibi tí òun kọ ọ́ dé. Mo fẹ́ dúró, ọwọ́ mi kò dúró. Mo fa ìlà, ó kọjá pátákó, ó bọ́ sára ògiri, mo sì ń bá a lọ lẹ́bàá ògiri náà. Mo ti ń wo ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Inú koríko níta dákẹ́ rọ́rọ́, ó sì dà bíi pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dúró dè mí.

Tíṣà gbá ọwọ́ mi mú. "Ta ló fi èyí hàn ọ́? Ta ló fi hàn ọ́?"

Mo lọ mú ìwé náà wá. Kò ṣí ju ojú ewé méjì lọ tó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, nínú eruku, níwájú gbogbo wa. "Ẹ máa lọ sílé," ó wí.

Òun fúnra rẹ̀ ló mú mi dé ilé. Mo dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo gbọ́ gbogbo ohun tó sọ fún bàbá mi.

"Ìwé ọmọ mi nìyí, Baba Ràfíù. Sẹ̀kínátù. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni nígbà tí mo mú un jókòó sórí àga yẹn. Ẹni tó bá ní ó kéré, mo ń bá a jà. Lójoojúmọ́ ni mò ń bi í bóyá ó yé e, ó sì ń ní ó yé òun. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo kọjú sí pátákó, mò ń kọ̀wé. Kí n tó yíjú padà, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ti ṣí, kò sí i lórí àga."

Ó ní àwọn ọdẹ ló rí i lọ́jọ́ kẹrin, lórí àpáta kan lódì kejì odò, níbi tó jókòó sí jẹ́ẹ́. Òjò rọ̀ ní gbogbo ọjọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ṣùgbọ́n aṣọ rẹ̀ gbẹ. Láti ìgbà náà, ọ̀dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀ ló wà ní Tẹ̀dé. Kì í fẹ́ sọ̀rọ̀, kì í sì fi ọwọ́ kan ìwé.

"Kí ló dé tí ẹ wá jẹ́ kí tèmi jókòó síbẹ̀?" bàbá mi béèrè. Ohùn rẹ̀ ti yí padà.

"Nígbà tí mo wọlé tí mo rí i níbẹ̀, ó dà bíi pé ọmọ mi ò lọ rárá. Ẹ foríjì mí."

Nígbà tí Tíṣà lọ, bàbá mi pè mí. Mo ti kúnlẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀.

"Dìde. Ṣé ó yé ọ?"

"Kò yé mi, bàbá. Kò yé mi rí."

Mo ń retí igbájú. Ó wo ìwé mi, ó pa á dé. "Èmi náà ò mọ ohun tí mò ń bi ọ́," ó wí. N kò dé ilé tábà náà mọ́.

Kí ìsinmi tó parí, ìyá mi ní nǹkan ṣe ní Tẹ̀dé, mo bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí a yà kí Sẹ̀kínátù. A bá a lẹ́yìn ilé, ó ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó ga jù mí lọ díẹ̀. N kò rí i rí, òun náà kò rí mi rí, ìyá mi kò sì tíì sọ orúkọ mi. Ó gbé ojú sókè.

"Ṣé o parí rẹ̀?" ó bi mí.

"Mi ò parí rẹ̀."

"Ó dáa," ó wí. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sún díẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, mo sì bá a ṣa ẹ̀wà náà títí ó fi tán. Ìyá ìyá rẹ̀ sọ fún ìyá mi pé ọ̀rọ̀ tó sọ lọ́jọ́ náà ju èyí tó sọ láti oṣù méjì lọ.

N kò di dókítà. Nọ́ọ̀sì ni mí, síbẹ̀ bàbá mi ń pè mí ní dókítà, n kì í sì bá a jiyàn. Láyé ìgbà tiwa, bí o bá ti jáde nílé lẹ́sìnnì, o jáde nìyẹn. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí, orí fóònù ni tiwọn, ó ń bá wọn dé orí bẹ́ẹ̀dì. Àwa òbí kò sì yàtọ̀ sí àwọn tó bí wa, aṣọ wa nìkan ló tuntun.

Ọmọ mi obìnrin pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án láìpẹ́ yìí. Olùkọ́ rẹ̀ fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ sí mi pé kó fo kíláàsì méjì. N kò ní purọ́ fún yín, inú mi dùn débi pé mo sáré wá báírò. Mo ti kọ lẹ́tà mẹ́ta nínú orúkọ mi kí n tó dá ọwọ́ dúró. Mo ya fọ́ọ̀mù náà. Ọmọ náà bínú sí mi fún odindi ọ̀sẹ̀ kan, ó ń sunkún, ó ń ti ilẹ̀kùn gbàgà. Mo ń jókòó sí pálọ̀, mo ń gbọ́ ọ, mo sì ń dúpẹ́ pé kò dákẹ́.