Ọdún Mẹ́fà Nílé Tíì Màmá Dorothy

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo dé ibi iṣẹ́ yẹn, tíì ni wọ́n ní kí n pò. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń po tíì láyé, n kò sì mọ̀ pé ìdánwò ni. Mo bu omi gbígbóná sínú ife, mo ju àpò tíì sí i, mo da mílíìkì lé e lórí títí tó fi funfun bí ògì, mo wá fi kóró ṣúgà márùn-ún sí i. Màmá Dorothy, obìnrin òyìnbó tó ni ilé tíì náà, gbé ife náà, wọ́n wò ó, wọ́n sì rọra dà á sínú síǹkì.

“Mojí,” ni wọ́n wí, “ta ló ń ṣàìsàn tí o fẹ́ fún ní èyí?”

Ní àárọ̀ ọjọ́ náà ni mo kọ́ pé ìkòkò tíì ni a kọ́kọ́ ń fi omi gbígbóná ṣan kí ó lè gbóná, pé ewé tíì gbọ́dọ̀ sinmi nínú omi kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, àti pé mílíìkì díẹ̀ ló ń gbà. Nílé wa, gbogbo ohun gbígbóná tó bá ti ní mílíìkì nínú ni tíì, ìbáà jẹ́ kòkó ni a fi pò ó.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe àjèjì pátápátá ni nǹkan wọ̀nyí jẹ́ fún mi. Olùkọ́ ni bàbá mi ní Abẹ́òkúta. Nígbà tí wọ́n wà ní ọ̀dọ́, wọ́n lọ kẹ́kọ̀ọ́ ọdún kan ní England, wọ́n sì gbé ìkòkò tíì alámọ̀ kan bọ̀ tí ọmọ kankan kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Láràárọ̀ ni wọ́n máa ń jókòó tì í pẹ̀lú búrẹ́dì yíyan tí wọ́n fi jáàmù ọsàn kíkorò pa. A máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ lẹ́yìn. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ ṣí ilẹ̀kùn ilé tíì Màmá Dorothy, jáàmù ọsàn yẹn gan-an ló wà lórí iná. Bàbá mi ti kú lọ́dún mẹ́ta ṣáájú ìgbà náà, mo sì wà ní Canada nígbà tí wọ́n sin wọ́n. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, omi ń bọ́ lójú mi. Màmá rò pé òtútù ni, wọ́n ní kí n wọlé kíá.

Apá ìlà-oòrùn Toronto ni ilé tíì náà wà, tábìlì mẹ́fà péré. Àwọn tó ń wá síbẹ̀ ti kúrò ní England láti bí ogójì ọdún, wọ́n ti sọ ara wọn di ará Canada nínú ohun gbogbo àfi nínú oúnjẹ. Láti Springdale, níbi tí mo ń gbé, ni mo ti ń wá, bọ́ọ̀sì méjì àti ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní ọ̀nà náà ti jìn jù fún iṣẹ́ kékeré bẹ́ẹ̀. N kò lè ṣàlàyé fún wọn. Ọdún méjì ni mo ti fi ń di ẹrù sínú páálí ní ilé ìkẹ́rùsí kan kí n tó débẹ̀, kò sì sí ẹni tó mọ orúkọ mi níbẹ̀.

Màmá Dorothy kọ́ mi níṣẹ́. Wọ́n kọ́ mi bí a ṣe ń fi orí ìka fọ́ bọ́tà tútù sínú fùláwà títí yóò fi rí bí gààrí. Èmi ni mo pè é ní gààrí, Màmá kò mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó yá Màmá fúnra wọn ń bi mí pé, “Mojí, ṣé ó ti di gààrí?” Wọ́n kọ́ mi pé ọwọ́ tútù ni iṣẹ́ náà fẹ́, pé ẹni tó bá po fùláwà jù, òkúta ló máa gbé jáde nínú ààrò. Àkàrà òyìnbó àkọ́kọ́ tí mo ṣe le débi pé oníbàárà kan bi mí bóyá mo fẹ́ kí òun fi í ti ilẹ̀kùn.

Ní Kérésì àkọ́kọ́, Màmá gbé kéèkì dúdú kan jáde, wọ́n da ọtí líle lé e, wọ́n sì ṣáná sí i. Iná búlúù bo kéèkì náà. Mo sáré gbé bàsíà omi. Ọwọ́ ọkùnrin àgbàlagbà kan ló di ọwọ́ mi mú.

“Fi í sílẹ̀,” ni wọ́n wí. “Ó máa kú fúnra rẹ̀.”

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, àwọn arúgbó tí wọ́n dé adé bébà aláràbarà sórí gẹ́gẹ́ bí àṣà Kérésì wọn. Bàbá Arthur lorúkọ ẹni tó di ọwọ́ mi mú. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ awakọ̀ tíráàmù, ọkọ̀ irin tó ń gba ojú títì, ìyàwó wọn ti kú, kò sì sí Ọjọ́bọ̀ kan tí wọn kì í wá láago mẹ́wàá àárọ̀, pẹ̀lú táì lọ́rùn. Àwọn ló kọ́ mi ní eré kíríkẹ́ẹ̀tì, eré tí wọ́n lè fi ọjọ́ márùn-ún gbá kí ẹnikẹ́ni má sì borí. Ó gbà mí lọ́dún mẹ́rin kó tó yé mi. Lọ́jọ́ tí a jọ ń wò ó tí mo dá ẹjọ́ eré kan láì bi wọ́n léèrè, Bàbá Arthur dìde, wọ́n bọ̀ mí lọ́wọ́ bí ẹni pé mo gboyè.

Ara Bàbá Arthur kò gba ẹ̀pà, kò gba álímọ́ńdì, èso òyìnbó kan tó dà bí ẹ̀pà, kò gba ohunkóhun tó bá wọn tan. Bí wọ́n bá jẹ ẹ́, ọ̀fun wọn á wú, á sì dí. Màmá ti sọ ọ́ fún mi ní ọ̀sẹ̀ tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ohun tí Bàbá Arthur fẹ́ràn ni táàtì, páì pẹlẹbẹ tí kò ní ìdérí, tí a fi búrẹ́dì gbígbẹ tí a lọ̀ àti ṣúgà olómi tó rí bí oyin kún inú rẹ̀. Álímọ́ńdì lílọ̀ wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù fún kéèkì mìíràn. Inú ìgò, ojú kò fi bẹ́ẹ̀ mọ ìyàtọ̀ láàárín òun àti búrẹ́dì lílọ̀.

Ní ọdún karùn-ún ni iyè Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í rá. Wọ́n fi iyọ̀ ṣe kéèkì dípò ṣúgà, a rẹ́rìn-ín. Wọ́n pè mí ní Susan, orúkọ ọmọ wọn obìnrin tó ń gbé ní Richmond Hill, mi ò kà á sí. Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ ọjọ́ kan mo bá wọn tí wọ́n dúró níwájú ààrò, ọwọ́ wọn ṣófo.

“Mojí,” ni wọ́n wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, “kí ni mo ń ṣe níbí?”

Mo ní, “Mà, ẹ jẹ́ kí a sọ fún Susan.”

Wọ́n di ọwọ́ mi méjèèjì mú. “Bí o bá sọ fún un, ilé àwọn arúgbó ló máa gbé mi lọ. Ibí yìí nìkan ni mo ti ṣì mọ ara mi. Ṣèlérí fún mi.”

Mo ṣèlérí. N kò ní purọ́, kì í ṣe nítorí tiwọn nìkan. Bí wọ́n bá ti ilé náà pa, ibo ni èmi náà fẹ́ lọ? Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wọ bọ́ọ̀sì tó ṣáájú. Mo kọ orúkọ ohun tó wà nínú ìgò kọ̀ọ̀kan sí i lára. Mo ń tọ́ gbogbo nǹkan wò kó tó jáde. Ní ọjọ́ Àìkú tó parí oṣù, Susan máa ń wá, á bi mí pé, “Báwo ni Mọ́mì?” Mo máa ń dáhùn pé, “Dáadáa ni wọ́n wà.” Oṣù mẹ́jọ ni mo fi dáhùn bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́bọ̀ kan ni yìnyín bo gbogbo ọ̀nà. Bọ́ọ̀sì wa dúró gbagidi, mo pe ilé tíì títí, wọn kò gbé e. Aago mẹ́wàá ti lé díẹ̀ kí n tó débẹ̀. Òórùn dídùn pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. Màmá Dorothy ti ṣe táàtì fúnra wọn, inú wọn dùn, fùláwà wà lẹ́rẹ̀kẹ́ wọn. Bàbá Arthur nìkan ni oníbàárà, wọ́n ti jẹ tiwọn dé ìdajì.

Mo wo orí tábìlì iṣẹ́. Ìgò tó ṣí sílẹ̀ níbẹ̀, ọwọ́ mi ni mo fi kọ ÁLÍMỌ́ŃDÌ sí i lára, lẹ́tà gàdàgbà.

Nígbà tí mo fi máa yíjú padà, Bàbá Arthur ti ń húkọ́, ọwọ́ wọn wà lọ́rùn. Wọ́n ní abẹ́rẹ́ oògùn kan fún irú ìṣẹ̀lẹ̀ bẹ́ẹ̀ tí kì í kúrò lára wọn, èyí tí a lè gún mọ́ itan láti orí aṣọ. Mo wá inú àpò kóòtù wọn. Kò sí níbẹ̀. Kóòtù yìnyín tó nípọn ni wọ́n wọ̀ lọ́jọ́ náà, abẹ́rẹ́ wà nínú èyí tó kù nílé.

Mo pe áńbúláǹsì. Wọ́n ní àwọn ń bọ̀, ọ̀nà ni kò dára. Mo tú táì Bàbá Arthur, mo gbé wọn jókòó dáadáa lórí ilẹ̀, mo di ọwọ́ wọn mú. Ojú wọn kò kúrò lójú mi. Lẹ́yìn wa, Màmá ń sọ pé, “Ó há Arthur lọ́fun ni. Bá mi bu tíì sí i fún un.” Wọ́n ń sọ ọ́ léraléra.

Áńbúláǹsì dé, wọ́n gbé wọn lọ. Lọ́jọ́ kejì ni Bàbá Arthur kú.

Aṣojú ìjọba tó ń rí sí oúnjẹ, ọkùnrin kan, wá lọ́sẹ̀ náà. Susan jókòó ti ìyá rẹ̀. Ọkùnrin náà bèèrè ẹni tó ṣe táàtì.

“Mojí ni,” ni Màmá Dorothy dáhùn. “Òun ló máa ń ṣe é ní gbogbo Ọjọ́bọ̀.”

Kì í ṣe pé Màmá ń purọ́. Ohun tó wà nínú orí wọn nìyẹn. Susan yíjú sí mi, mo sì rí i pé ó ti gbà á gbọ́. Mo fi káàdì ọkọ̀ mi han ọkùnrin náà, wọ́n lè rí aago tí mo wọ bọ́ọ̀sì kẹ́yìn níbẹ̀. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bèèrè ohun tí ẹ̀rù rẹ̀ ti ń bà mí.

“Láti ìgbà wo lo ti mọ̀ pé ìyá yìí ń gbàgbé?”

Mo lè ní n kò mọ̀. “Oṣù mẹ́jọ,” ni mo wí.

Susan dìde. “Oṣù mẹ́jọ. Gbogbo oṣù ni mo ń bi ọ́, o wò mí lójú.”

Mo gbé kọ́kọ́rọ́ ilé tíì náà kalẹ̀ níwájú rẹ̀.

Wọ́n ti ilé tíì náà pa. Níbi ìsìnkú Bàbá Arthur, wọ́n pín tíì àti búrẹ́dì tí wọ́n há kùkúḿbà sí láàárín. Àwọn oníbàárà wa wà níbẹ̀, wọ́n kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, wọ́n sì lọ jókòó síbòmíràn.

Màmá Dorothy wà ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ní Richmond Hill. Susan kò fẹ́ kí n wá ní ìbẹ̀rẹ̀, ó gbà nígbà tó yá, nítorí pé Màmá ń bèèrè mi. Ní ìgbà àkọ́kọ́ tí mo lọ, wọ́n bi mí bóyá Arthur ti dé. Mo sọ òtítọ́ fún wọn. Wọ́n sunkún bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ̀fọ̀, mo bá wọn sun ún. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, wọ́n tún bi mí. Mo ní, “Kò tíì dé, Mà.” Ohun tí mo ń sọ látìgbà náà nìyẹn.

Ilé iṣẹ́ búrẹ́dì ńlá kan ní Bramalea ni mo wà báyìí. Auntie Kẹ́hìndé, ọmọ Ìjẹ̀bú tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, ló bá mi wá iṣẹ́ náà nígbà tí n kò ní ibi tí mo lè lọ. Ìdí òṣùwọ̀n èròjà ni wọ́n wà, níbi tí ẹ̀wà sóyà, ẹ̀pà àti fùláwà ti ń gba iwájú wọn kọjá. Ní ìgbà òtútù tó kọjá, mo rí i pé wọ́n ń gbé ìwé ara àpò sún mọ́ imú kí wọ́n tó kà á. Wọ́n ní kí n máa bá àwọn kà á.

“Ojú ló fẹ́ máa ṣe mí bàìbàì,” ni wọ́n wí. “Má jẹ́ kí sùpáfáísọ̀ gbọ́ o, jàre.”

“Auntie, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ sọ fún un fúnra yín. Mo máa bá yín lọ.”

“O ò ní ṣe é sí mi, Mojí. Èmi tí mo mú ẹ wá síbí?”

Mo fi ọjọ́ kan sílẹ̀ fún wọn. Wọn kò lọ. Lọ́jọ́ kejì, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, mo kan ilẹ̀kùn sùpáfáísọ̀, mo sì sọ ọ́. Wọ́n gbé Auntie lọ sí ẹ̀ka tí wọ́n ti ń di ọjà, wákàtí iṣẹ́ wọn sì dín kù. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa ti gbọ́, àwọn kan ní ọ̀dàlẹ̀ ni mí.

Láràárọ̀, bí mo bá kọjá níwájú wọn, mo máa ń kúnlẹ̀ díẹ̀, mo ní, “Ẹ káàárọ̀, Auntie.” Wọ́n á máa di ọjà wọn lọ. Mo máa ń dúró díẹ̀, bóyá wọ́n á dáhùn, kí n tó lọ fọ ọwọ́ mi kí n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.