Ègé Aṣọ Inú Ihò Fèrèsé

Ohun kan ṣoṣo ni Ìyá Abẹ́rẹ́ kórìíra ju oníbàárà aláròyé lọ: eruku. Aṣọ funfun àwọn nọ́ọ̀sì ló ń rán jù, bẹ́ẹ̀ eléruku ni títì tó wà lẹ́yìn fèrèsé rẹ̀. Kó tó da èédú tó ti ràn sínú áyọ́ọ̀nù, á ti fèrèsé pa, á fi ègé aṣọ dí gbogbo ojú ihò. Ègé tó bá ṣẹ́ kù, ẹ̀yìn ilé ló ti ń dáná sun ún. Bó ṣe ń ṣe é nìyẹn látìgbà tó ti wà ní ìyàwó tuntun.

Ọmọ ọmọ rẹ̀ obìnrin ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, abẹ́ tábìlì ìgéṣọ ló sì máa ń sùn sí tó bá ti iléèwé dé. Ojú Ìyá Abẹ́rẹ́ kì í kúrò lára rẹ̀. Nígbà tọ́mọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, ó bú eruku dáadáa, ó tún ihò fèrèsé dí sí i. Ikọ́ náà le sí i.

Ìyá ọmọ náà wá, ó ní nọ́ọ̀sì sọ pé èéfín ni: kí wọ́n máa ṣí fèrèsé, kí wọ́n má sun nǹkan mọ́, pé èéfín yẹn náà wà lára ohun tó ń dá kún ooru ayé. Ìyá Abẹ́rẹ́ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Áyọ́ọ̀nù tèmi yìí ló ń mú ayé gbóná?"

"Màámi, mi ò bá yín ṣeré o. Tíkọ́ yìí ò bá lọ kóṣù tó parí, mo máa mú un lọ sọ́dọ̀ àbúrò bàbá ẹ̀."

Ẹ̀rín tán lẹ́nu ìyá àgbà. Lọ́jọ́ kejì, ó yọ àwọn ègé aṣọ náà láti fi òmíràn dí ihò. Apá tó kọjú sí títì pọ́n díẹ̀ fún eruku. Apá tó kọjú sí yàrá dúdú bí ìdí ìkòkò. Ọkọ rẹ̀, awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, gba ọ̀kan, ó yẹ̀ ẹ́ wò.

"Ọkọ̀ wo ló gba inú yàrá yìí kọjá?"

Ìyá Abẹ́rẹ́ gbé áyọ́ọ̀nù lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ṣí fèrèsé gbayawu, ó ń fi ọ̀rá bo aṣọ tó bá ti rán tán. Àwọn ègé aṣọ tó ń sun tẹ́lẹ̀ wá ń di ìrọ̀rí, débi tí ọkọ rẹ̀ fi ń ṣàròyé pé orí nọ́ọ̀sì lòun ń sùn sí. Bóyá ooru ayé dín kù, kò sẹ́ni tó lè fi ẹ̀yìn ilé obìnrin kan wọ̀n ọ́n. Yàrá yẹn la mọ̀: òórùn èéfín kúrò níbẹ̀.

Nígbà tóṣù parí, ìyá ọmọ gbé báàgì dé. Ọmọ ń sùn. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé etí lé e láyà, ó pẹ́ níbẹ̀. Ìyá Abẹ́rẹ́ dúró tòun ti sísọ́ọ̀sì lọ́wọ́, kò lè gé nǹkan kan. Ọmọ náà wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, wẹ́rẹ́, ó yíra padà, oorun tún gbé e lọ.

"Ẹ jẹ́ kó ṣì wà lọ́dọ̀ yín, Màámi."

"Ṣé mo ní kó lọ ni?" ni ìyá àgbà wí, ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó nu ojú. "Gbé báàgì yẹn sílẹ̀ kóo jẹun. Ìwọ gan-an ti rù."