Ẹ̀wà Agolo Mẹ́ta-Mẹ́ta

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan wà tí mo máa ń kọ sójú pátákó ní kíláàsì mi ní Ìlaró: "identical." Mo máa ń sọ fáwọn ọmọ pé ó ju kí nǹkan méjì kàn jọra lọ. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò lè jọra, ṣùgbọ́n èyí tí mò ń wí yìí, ẹ ò ní rí ìyàtọ̀ kankan níbẹ̀. Tí wọ́n bá béèrè àpẹẹrẹ, màá nàka sáyà: "Èmi àti ìkejì mi." Wọ́n á bú sẹ́rìn-ín. Ìbejì ni wá, wọ́n sì mọ̀ ọ́n. Ó máa ń dúró dè mí lẹ́nu géètì, àwọn tíṣà gan-an á sì máa fi orúkọ mi kí i.

Ibà ọjọ́ mẹ́ta péré ló pa á. Àárọ̀ ló kú. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, a ti kírun sí i lára, a ti sin ín. Màmá wa wà ní Ayétòrò, wọn ò sì sọ fún un. Bàbá, ẹ̀gbọ́n Màmá, ló dá a lábàá. Kò lè wojú mi.

"Ìyá yín ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Tó bá gbọ́, a máa sin òun náà ni. Ojú ẹ̀ ò sì ríran dáadáa mọ́. Ìwọ ni kó o máa ṣe ẹni méjì."

Mo ní, "Háà, Bàbá, ẹ má fi mí ṣe báyìí."

"Ta ló tún jọ ọ́ tó ìwọ?"

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ ìranù nìyẹn. Tí mo bá lọ ní Jímọ̀ yìí gẹ́gẹ́ bí ara mi, Jímọ̀ tó ń bọ̀ màá wọ híjáàbù rẹ̀, màá fín tùràrí rẹ̀, màá rẹ́rìn-ín kèékèé bíi tiẹ̀. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́, àmọ́ mo mọ̀ ọ́n ṣe.

Láti kékeré, ohun tí Màmá bá fún ọ̀kan, ó gbọ́dọ̀ fún èkejì. Tí mo bá fẹ́ máa lọ, á wọn ẹ̀wà oko rẹ̀ ní agolo mẹ́ta sínú náílọ́ọ̀nù kan, mẹ́ta sínú òmíràn. "Èyí tìẹ, èyí ti ìkejì rẹ. Má jẹ tiẹ̀ o, ọ̀jẹun!" Ìpín rẹ̀ ń pọ̀ sí i ní kọ̀rọ̀ ìdáná mi. Kòkòrò wọ̀ ọ́. Mi ò lè sè é, mi ò sì lè dà á nù.

"Kí ló dé tẹ́ ò jọ wá mọ́?" Ó bi mí lẹ́ẹ̀kan. Mo ní iṣẹ́ ni.

Jímọ̀ tó kẹ́yìn, híjáàbù rẹ̀ ni mo wọ̀. Mo ti ń rẹ́rìn-ín láti ẹnu ọ̀nà. Màmá di ọwọ́ mi mú, ó pẹ́ kó tó fi sílẹ̀.

"Ìkejì rẹ ńkọ́?"

"Ó wà níléèwé, Màmá. Ó ní kí n kí yín."

Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, ó wọn ẹ̀wà. Ọ̀kan. Méjì. Mẹ́ta. Ó so náílọ́ọ̀nù náà, ó sì da agolo dé. Mo ṣì na ọwọ́ kejì.

"Màmá, ẹ gbàgbé ti ìkejì mi."

"Mi ò gbàgbé." Ó wá pè mí ní orúkọ èmi gan-an. "Bọ́ híjáàbù rẹ̀ kúrò lórí, jẹ́ kí n rí èyí tó kù."

Mo bọ́ ọ. Ó ń fọwọ́ tọ́ iwájú orí mi, imú mi, àgbọ̀n mi, ó ń wá ìkejì mi níbẹ̀. Kò rí i.