Báàgì Mi Dé Casablanca

Báàgì ni mò ń tà lọ́jà Bouaké, ní Côte d'Ivoire. Èyí tó ní táyà lẹ́sẹ̀ wà níbẹ̀, èyí tí wọ́n ń gbé kọ́ ẹ̀yìn wà níbẹ̀, èyí tí ọwọ́ rẹ̀ máa ń já kí ènìyàn tó dé ibi tó ń lọ náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn n kì í sọ. Ẹni tó bá ra báàgì lọ́wọ́ mi máa ń gba ìmọ̀ràn mọ́ ọn. Ẹ̀bùn ni.

Láyé ìgbà tí mo kọ́kọ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù, ẹni tó bá ra báàgì ń lọ kí ìyá rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni, tàbí ó ń lọ Mẹ́kà. Ní báyìí, wọ́n á ní àwọn ń lọ wo bọ́ọ̀lù nílẹ̀ òkèèrè, àwọn ó fi ọjọ́ mẹ́ta wo ìlú, àwọn ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́.

Mo máa ń sọ fún wọn pé, "Ẹ má wọ bàtà tuntun lọ wo bọ́ọ̀lù o. Ibi tí ọkọ̀ máa já yín sí, ẹ ṣì máa rìn títí. Kí ẹ tó jáde ní òtẹ́ẹ̀lì, ẹ fi fóònù ya pátákó tí orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀. Bí ẹ bá sọnù, ẹ fi han awakọ̀. Bí fóònù bá kú, ẹ wá mọ́ṣáláṣí, ẹ dúró kí wọ́n kírun tán, ẹ bi ẹni tó bá dàgbà jù. Ẹ sì ti fẹnu kò síbi tí ẹ ó ti pàdé kí bọ́ọ̀lù tó bẹ̀rẹ̀, torí bí èrò bá tú jáde, ìpè ò ní wọlé mọ́."

Ọkùnrin kan láti àdúgbò Gonfreville gba ìmọ̀ràn yìí lọ sí Dakar. Nígbà tó dé, ó gbé bisikíìtì wá fún mi. Ó ní, "Alájì, ibi tí ẹ rìn dé pọ̀ o."

Mo ní, "A dúpẹ́."

N kò dé Mẹ́kà. N kò wọ bàálù rí. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, kí ọkàn gbogbo wa lè balẹ̀.

Mo ní àbúrò kan tó ń ta àgádágodo ní ṣọ́ọ̀bù tó kángun sí tèmi. Bọ́ọ̀lù ni ayé rẹ̀. Bí wọ́n bá ń gbá bọ́ọ̀lù, aṣọ olómi ọsàn ti Côte d'Ivoire ló máa wà lókè, aṣọ àwọ̀ ewé ti Nàìjíríà á wà lábẹ́. Ó ní Anago, ìyẹn Yorùbá lẹ́nu àwọn ará ibí, tó bá wọ ẹyọ kan ṣoṣo, ìdajì ara rẹ̀ wà níhòòhò. Ọdún tó ṣáájú èyí tó kọjá, ó ra ìwé bàálù méjì lọ sí Casablanca láti lọ wo bọ́ọ̀lù. Ọ̀kan jẹ́ tirẹ̀, ìkejì jẹ́ tèmi. N kò lè sọ pé n kò lọ. Ẹ̀gbọ́n ni mí.

Ohun kan wà tí a bí mọ́ àwa oníṣòwò tí a dàgbà sí ibùdókọ̀: a kì í jókòó sínú ọkọ̀ òfìfo. Ẹni tó bá kọ́kọ́ wọlé ni oòrùn máa sè. Ọkọ̀ Brobo, ìlú kékeré tó wà nítòsí wa, lè dúró láti àárọ̀ títí wọ́n á fi kírun ọ̀sán kó tó kún. Ohun tí ọlọ́gbọ́n ń ṣe ni kó gbé báàgì rẹ̀ sórí àga, kó lọ jókòó sábẹ́ igi, kó máa mu tíì, títí awakọ̀ á fi fun fèrè lẹ́ẹ̀kẹta. Fèrè àkọ́kọ́, irọ́ ni. Èkejì, irọ́ ni.

Ní pápákọ̀ òfurufú Abidjan, àbúrò mi fi orúkọ ara rẹ̀ fi báàgì méjèèjì ránṣẹ́, wọ́n gbé wọn lọ. A jókòó síbi tí wọ́n ti ń dúró. Mo ń wo bàálù náà láti ojú gíláàsì. Ó funfun, ó dákẹ́, bí ẹni tí kò ní àníyàn kankan. Nígbà tí wọ́n ní kí á tò, àbúrò mi dìde.

"Bọ̀dá, ó yá."

"Máa lọ. Lọ mú àga sílẹ̀ fún wa. Jẹ́ kó kún díẹ̀."

"Bọ̀dá, èyí kì í ṣe ọkọ̀ Brobo o."

"Mo mọ̀. Máa lọ, mò ń bọ̀."

Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ má jẹ́ kí wọ́n tilẹ̀kùn mọ́ yín síta," ó sì lọ.

Ìlà náà tán. Ọmọbìnrin tó wà lẹ́nu ọ̀nà fi ẹ̀rọ pe orúkọ mi. Ó pè é bí ẹni tí orúkọ náà gbóná lẹ́nu rẹ̀. Ó tún un pè. Ìgbà tó pè é lẹ́ẹ̀kẹta, mo mọ̀ pé fèrè tòótọ́ nìyẹn. Mo wẹ̀yìn, bí ẹni tó ń wá ẹni tí wọ́n ń pè. Mo tilẹ̀ mi orí sí obìnrin tó jókòó tì mí, pé ẹ ò rí bí àwọn ènìyàn ṣe máa ń dá iṣẹ́ ẹlòmíràn dúró. Wọ́n ti ilẹ̀kùn.

Ẹ̀rù tí mo mọ̀ máa ń pariwo nínú ara; eléyìí kò pariwo. Ó dàbí ìgbà tí ènìyàn fi apá rọrí sùn, tí apá náà kú: tìẹ ni, ó wà lára rẹ, kò sì gbọ́ ohun tí o ń sọ. Ó yẹ kí ojú tì mí. Mo béèrè ibi tí wọ́n ti ń ta kọfí.

Nírọ̀lẹ́, àbúrò mi pè láti Casablanca.

"Bọ̀dá, níbo lẹ wà?"

"Adjamé. Ibùdókọ̀."

Ó bú sẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. "Ẹ má padà sí Bouaké," ó ní. "Ẹ gba yàrá, ẹ dúró dè mí. Bí mo bá dé, a ó jọ wọlé. Èmi ni n ó máa sọ̀rọ̀, ẹ̀yin ẹ máa mi orí. Ṣùgbọ́n ẹ ní láti mọ nǹkan díẹ̀."

Bí mo ṣe di akẹ́kọ̀ọ́ nìyẹn. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi wà ní yàrá kan ní Adjamé, àdúgbò ibùdókọ̀ ní Abidjan, tí mo ń fi fìlà bojú bí mo bá fẹ́ jáde lọ jẹun, torí kò sí ará Bouaké tó wá rajà tí kì í gba ibẹ̀. Àbúrò mi ń gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó ń fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi, láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Ọ̀rọ̀ bàtà tuntun wá láti ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ pátákó òtẹ́ẹ̀lì wá láti ibẹ̀. Gbogbo ọgbọ́n tí mò ń pín lọ́jà, inú yàrá tí kò ní fèrèsé ni mo ti kọ́ ọ.

A jọ wọ Bouaké. Bébà pápákọ̀ òfurufú ṣì wà lọ́wọ́ báàgì mi. Ìyàwó mi dì í mú, ó ní, "Ọkọ mi náà ti fò." Àbúrò kì í tú àṣírí ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n tèmi tún fi ọlá kún un. Gbogbo ìtàn tó sọ, "a" ló fi ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. A wọ takisí pupa. A sọnù. Bọ̀dá ló rí ọ̀nà.

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, ó ṣubú ní balùwẹ̀. Kó tó di ìrun ìrọ̀lẹ́, a ti sin ín. Mo wọnú sàréè pẹ̀lú àwọn tó gbà á sílẹ̀. N kò sunkún. Wọ́n ní ọkàn mi le. Kò le, n kò kàn rí i níbi tó máa ń wà ni. Ní ọjọ́ kẹrin mo ṣí ṣọ́ọ̀bù, mo ta báàgì méjì, mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ bàtà.

Ọjọ́ fídáù ni mo wá parọ́ tèmi. Olúkúlùkù ń sọ ohun rere nípa rẹ̀, ó kàn mí. Mo ní èmi àtòun jọ jẹ ẹja nínú àwo kan létí òkun ní Casablanca, pé ó ń bá mi yọ eegun. Àwọn ènìyàn sunkún. Ó dùn mọ́ mi pé ẹnì kan ń sunkún.

Àbúrò mi fi ọmọbìnrin kan sílẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ nílé ìtajà oògùn. Ibí ni wọ́n bí i sí, Faransé ló fi kàwé, "Tọ́ntọ́n" ló sì ń pe èmi ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan lọ́dún yìí, ó wọ ṣọ́ọ̀bù mi, ó jókòó sórí báàgì ńlá.

"Tọ́ntọ́n, mò ń lọ Casablanca. Àwọn tiwa máa gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ ní Sátidé. Mo fẹ́ jókòó síbi tí ẹ̀yin àti Pàpá jókòó." Ó mú bírò. "Mo sì fẹ́ rí ẹlẹ́ja yẹn. Mo fẹ́ fi fọ́tò Pàpá hàn án, bóyá ó máa rántí. Apá ibo létí òkun ni?"

Ọjọ́ mẹ́ta péré ló ní. Bí mo bá dákẹ́, á fi odindi ọjọ́ kan gbé fọ́tò bàbá rẹ̀ kiri, tí á máa wá ẹlẹ́ja tí Ọlọ́run kò dá.

Mo ní, "Kò sí ẹja."

"Ẹ ti gbàgbé ibẹ̀ ni?"

"N kò gbàgbé. N kò dé ibẹ̀."

Ó gbójú sókè wo báàgì mi tó rọ̀ mọ́ ìṣó, pẹ̀lú bébà lọ́wọ́. "Báàgì yẹn ńkọ́?"

"Báàgì dé ibẹ̀."

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, látorí bàálù títí dé Adjamé. Nígbà tí mo parí, ó ní, "Ẹ fi Pàpá sílẹ̀ kó dá lọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ó dá jókòó."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Tọ́ntọ́n, ẹ ò ṣe dáadáa."

Mo ń retí ìtìjú. Kò dé. Mo gbé fóònù mi fún un, mo fi ibi tí ohùn bàbá rẹ̀ wà hàn án. N kò tíì tẹ̀ ẹ́ láti ọjọ́ tí a ti sin ín.

Ó tẹ ọ̀kan. Àbúrò mi wọ ṣọ́ọ̀bù.

"Bọ̀dá, mo ti wà nínú pápá. Bí wọ́n bá bi yín, ẹ ní ẹ̀yìn góòlù la jókòó sí, lápá tí oòrùn ń wọ̀ sí, ìlà kejìlá, lẹ́bàá ọ̀nà àbájáde. Mo yọ fìlà yín nínú báàgì, òun ló wà lórí àga yín. Ọkùnrin kan fẹ́ jókòó síbẹ̀. Mo ní ẹ lọ tọ̀. Ó tún padà wá. Mo ní inú ló ń run yín." Ariwo èrò bò ó mọ́lẹ̀, ó tún yọ. "Bọ̀dá, ìtọ̀ yín yìí ti pẹ́ o."

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹkún, ó tún rẹ́rìn-ín. Èmi ń wo ọwọ́ báàgì kan tí òwú rẹ̀ ti ń tú. Ó kọ "ìlà kejìlá" sórí ìwé rẹ̀, ó sì fi gbogbo ohùn náà ránṣẹ́ sórí fóònù tirẹ̀. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó já báàgì mi kúrò lára ìṣó.

"Èyí ni n ó gbé. Ẹ ò ní bá mi lọ?"

"Rárá."

"Ẹ̀rù ni?"

"Ẹ̀rù ni."

Mo sìn ín dé ibùdókọ̀ lọ́jọ́ tó ń lọ sí Abidjan. Àwọn ọkọ̀ ńlá tó ní àkókò ti kún. Èyí tó ń dúró de èrò ló kù. Kò sí ẹnì kankan nínú rẹ̀. Ó wọlé, ó jókòó. Ọmọ ilé ìwé, kò mọ nǹkan kan.

Abẹ́ igi wà níbẹ̀. Ẹni tó ń ta tíì ti rí mi, ó ti ń fọ ife. Mo wọnú ọkọ̀, mo jókòó tì í.

"Tọ́ntọ́n, ooru ń mú o."

"Mo mọ̀."

Oòrùn sè wá. Èrò ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ó fi ku àga tí mo wà. Bàbá kan tó gbé àpò dání dúró lórí wa. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ̀ ń lọ ni?"

Kí n tó lanu, ọmọ náà ti dáhùn. Kò wo ojú mi. "Wọ́n fẹ́ lọ tọ̀ ni, Bàbá. Ẹ ní sùúrù."

Awakọ̀ fun fèrè. Ó tún fun ún. Nígbà tó fun ẹ̀kẹta, mo sọ̀ kalẹ̀, mo fi àga fún bàbá náà.

Mo bá ọkùnrin kan lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Ó ń lọ wo bọ́ọ̀lù, ó fẹ́ báàgì tí kò tóbi jù. Mo wo ẹsẹ̀ rẹ̀: bàtà tuntun ni.

"Ẹ má wọ ìyẹn lọ," mo ní. "Àbúrò mi ló sọ bẹ́ẹ̀."