Ọ̀rá Búrẹ́dì Lábẹ́ Ìdérí Táǹkì

Akẹ́kọ̀ọ́ kan gba yàrá kan lẹ́yìnkùlé mi ní Apẹ̀tẹ. Ó ní jẹnẹrétọ̀ kékeré kan, irú èyí tí wọ́n máa ń po ọ́ìlì mọ́ bẹntiróòlù rẹ̀ kí ó tó ṣiṣẹ́, ariwo rẹ̀ sì ju iná tí ó ń fúnni lọ. Bí ó bá ti fà á, tí èéfín rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, gbogbo ará ilé a sáré ti fèrèsé, wọn a máa kùn. Èmi kì í ti tèmi. Mo máa ń fi ohun tí mo bá ń ṣe sílẹ̀, mo máa ń fa èéfín náà símú díẹ̀ kí n tó rántí pé dókítà ti kìlọ̀ fún mi. Ọmọ náà rò pé mo kàn ń ní sùúrù fún òun ni. Kò mọ̀ pé bàbá mi ni mo ń gbóòórùn.

Bódìjà ni a ń gbé nígbà náà, ní àwọn ọdún 1980, kì í sì í ṣe Bódìjà tí ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí mọ̀. Ilé kọ̀ọ̀kan dá dúró nínú ọgbà tirẹ̀, òdòdó ni ọ̀pọ̀ èèyàn sì fi ṣe ọgbà, kò tíì di ògiri gíga tí wọ́n ri àfọ́kù ìgò mọ́ lórí. Ọ̀sán ibẹ̀ a máa pa rọ́rọ́ débi pé èèyàn á gbọ́ agbálùmọ̀ tó já bọ́ nílé kejì. Àwọn olùkọ́ yunifásítì láti Èkìtì àti Oǹdó ló yí wa ká, ìwé kì í sì í jẹ́ kí àwọn ọmọ wọn jáde ṣeré. Onítẹ̀bọmi láti Ṣakí ni àwa. Bàbá mi ń bá ìjọba wọn ilẹ̀. Èmi nìkan ni ọmọ, wọ́n sì bí mi lẹ́yìn tí ìyá bàbá mi kú, nítorí náà bàbá mi kì í pe orúkọ mi. "Ìyá mi" ni wọ́n ń pè mí, wọ́n á sì tẹ́tí sí mi bí ẹni pé ìyá wọn ni mo jẹ́ lóòótọ́.

Nọ́ọ̀sì ni màmá mi. Nígbà tí owó oṣù kò ra nǹkan gidi mọ́, tí àwọn nọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ wọn ń lọ sókè òkun ní méjì méjì, màmá mi náà rí iṣẹ́ sí ilé ìwòsàn kan ní Sọ́díà. Àwọn aládùúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í pe màmá mi, ọmọ díákónì, ní Àlhájà kí wọ́n tó wọ bàálù. Màmá mi bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá wọlé tán, wọ́n á dúró sí ilé ìdáná, wọ́n á máa wo ìkòkò láìgbé nǹkan kan kaná.

Ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n fẹ́ lọ yẹn, alùpùpù bàbá mi wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ilé ìdáná. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti bàjẹ́, ó ń dúró de ìgbà tí bàbá mi yóò ráyè tú u palẹ̀. Epo ṣì wà nínú táǹkì rẹ̀, rọ́bà ìdérí ti gbẹ, òórùn bẹntiróòlù sì gba gbogbo ilé. Màmá mi mú ọ̀rá búrẹ́dì kan, wọ́n ká a dáadáa ní ìlọ́po ìlọ́po, wọ́n tẹ́ ẹ sí ẹnu táǹkì, wọ́n sì fi ìdérí dé e pinpin, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe kẹ́ẹ̀gì epo pupa.

"Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ má yọ ọ̀rá yìí o," ni wọ́n wí. "N ò fẹ́ẹ́ padà wá bá ilé tó ń rùn bí ilé epo."

A ní a ti gbọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n lọ, ilé sì fẹ̀ mọ́ wa lójú.

Máṣíìnì là ń pe alùpùpù láyé ìgbà yẹn. Ti bàbá mi ga, ó gún régé, eyín táyà rẹ̀ jinlẹ̀, wọ́n dìídì ṣe é fún igbó àti ẹrẹ̀ ni. Òun ni wọ́n fi ń wọ igbó Òkè-Ògùn lọ wọn ilẹ̀, wọ́n á sì pẹ́ níbẹ̀ kí a tó tún rí wọn. Láti ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ti bàjẹ́, wọ́n ti fi wọ́n sídìí tábìlì ní Sẹkitéríàtì. Iṣẹ́ ńlá kan wà nílẹ̀ ní Òkè-Ògùn, ọ̀gá wọn sì ti sọ fún wọn pé bí máṣíìnì kò bá dára kí ẹ̀ẹ̀rùn tó wọlé, ẹlòmíràn ni òun yóò gbé e fún. Bàbá mi kórìíra tábìlì yẹn. Èmi nífẹ̀ẹ́ rẹ̀ gan-an, nítorí òun ló ń dá wọn padà wálé fún mi ní ìrọ̀lẹ́.

Ìrọ̀lẹ́ wọ̀nyẹn ni mo fi mọ bàbá mi. A jọ tú ẹ́ńjìnnì náà sórí àpò sìmẹ́ǹtì nínú gáréèjì, a jọ fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, a sì jọ fi písítìn tuntun àti ríìngì tuntun sí i. Mo mọ orúkọ sípánà kí n tó mọ bí a ṣe ń se ẹ̀wà kó má jóná. Bàbá mi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn kì í ṣiṣẹ́ kí ẹnu wọn má ṣàlàyé. Wọ́n ní irú ẹ́ńjìnnì yìí kò ní ọ́ìlì tirẹ̀ lọ́tọ̀, inú epo tó ń mu ni ọ́ìlì rẹ̀ wà, bí epo bá ti wọ́n ọn, ọ́ìlì náà ti wọ́n ọn nìyẹn, inú rẹ̀ á gbóná, yóò sì há. Mo máa ń ní "bẹ́ẹ̀ ni, sà", a ó sì jẹ búrẹ́dì àti ẹ̀pà láìfọwọ́ dáadáa. Àárò màmá mi ń sọ mí nígbà gbogbo, ṣùgbọ́n nínú gáréèjì yẹn, ó ṣeé fara dà.

Ní ọjọ́ tí a kọ́kọ́ gbé e jáde, ó dún kíkankíkan. A yí àdúgbò ká, èmi lẹ́yìn, mo di ìgbànú bàbá mi mú. Bí a ṣe kọjá ọjà, tí a dé ojú irin tí rélùwéè ń gbà, ohùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tín-ín-rín, ó sì kú. A tì í délé. Nígbà tí a tú u, písítìn tuntun ti há, ara rẹ̀ ti ya bí ẹni pé ológbò ha á.

A tún un ṣe. Ó tún kú lójú irin. Ní báyìí bàbá mi ti gbọ́n, bí wọ́n bá ti gbọ́ tí ohùn ń yí padà, wọ́n á pa á kí ó tó há, ṣùgbọ́n kì í tún jí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ọ̀gá Láti, mẹkáníìkì wa ní Mọ́kọ́lá, wò ó yíká, ó pòṣé.

"Ríìngì yẹn ni, Ọ̀gá. Ayédèrú ni wọ́n tà fún yín."

A pààrọ̀ ríìngì, ó kú lójú irin. Ó ní kàbúrétọ̀ ni, a fọ kàbúrétọ̀, ó kú lójú irin. Ìyá tó ń ta àkàrà níbẹ̀ ti ń fi ìjókòó sílẹ̀ dè wá. Òun ló sọ fún bàbá mi kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé kí wọ́n lọ wo ẹni tí ipò wọn ń wù ní ibi iṣẹ́. Bàbá mi ní onígbàgbọ́ ni àwọn, àwọn kì í gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́, ṣùgbọ́n mo ṣàkíyèsí pé àdúrà tí wọ́n gbà lé máṣíìnì lórí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gùn.

Bí ó bá ti kú báyìí, bàbá mi á lóṣòó ti púlọ́ọ̀gì láti nù ún. Iṣẹ́ tèmi ni kí n ṣí táǹkì.

"Ìyá mi, ṣé epo wà?"

"Ó wà, Dádì."

Bí mo bá ń tú ìdérí náà, ohùn kan máa ń jáde níbẹ̀, ṣìì, bí èémí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀. Mo rò pé bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Mo máa ń gbé ọ̀rá náà, mo máa ń wo epo, mo sì máa ń ká ọ̀rá padà gẹ́lẹ́ lójú ìlà tí màmá mi ká a sí. Kò sí ohun mìíràn nínú ilé tí ọwọ́ wọn ká tí kò tíì tú. Lẹ́yìn náà bàbá mi á gbá ẹ́ńjìnnì, yóò jí, wọ́n á sì máa yin púlọ́ọ̀gì.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, wọ́n ní kí n má wulẹ̀ ṣí i, ọwọ́ àwọn fúnra àwọn ni àwọn fi rọ epo kún un láàárọ̀. Wọ́n nu púlọ́ọ̀gì, wọ́n gbá a, kò jí. Wọ́n fi púlọ́ọ̀gì tuntun sí i, wọ́n gbá a títí òógùn fi bò wọ́n, kò jí. Ni bàbá mi bá jókòó sórí irin rélùwéè pẹ̀lú ṣòkòtò wọn tí a lọ̀.

"Ọjọ́ Mọ́ńdè ni màá lọ sọ fún ọ̀gá kó gbé iṣẹ́ yẹn fún ẹlòmíì," ni wọ́n wí. "Ó ti sú mi, Ìyá mi."

N kò gbọ́ kí nǹkan sú wọn rí. Mo ṣe iṣẹ́ tí mo mọ̀, mo ṣí táǹkì. Ṣìì. Mo gbé ọ̀rá kúrò, epo kún.

"Ẹ tún gbá a wò, Dádì."

Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n gbá a, ó jí.

Mo dúró pẹ̀lú ọ̀rá náà lọ́wọ́. Mo yí ìdérí dojú kọ oòrùn, mo rí ihò kékeré kan láàárín rẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé. Ibẹ̀ ni táǹkì fi ń mí. Màmá mi ti dì í nímú láìmọ̀, epo kò sì lè máa sọ̀kalẹ̀ lọ sínú ẹ́ńjìnnì nígbà tí atẹ́gùn kò wọlé rọ́pò rẹ̀. Kì í ṣe ríìngì, kì í ṣe ọ̀tá. Ohun tí gbogbo ilé ń ṣe sí kẹ́ẹ̀gì lójoojúmọ́ ni, ta ni yóò fura sí i?

Mo tún mọ ohun kejì lójú ẹsẹ̀. Èmi nìkan ló mọ̀. Bí mo bá ká ọ̀rá náà padà, bàbá mi á wà nídìí tábìlì, wọ́n á sì máa wálé ní ìrọ̀lẹ́. Mo wò wọ́n. Wọ́n ń fi áńkáṣíìfù nu púlọ́ọ̀gì àtijọ́ tí kò ṣe nǹkan kan, ojú wọn pọ́n, wọn kò sì mọ̀ pé mo ń wo àwọn.

"Dádì," mo ní, "ọ̀rá yìí ni."

Kò kọ́kọ́ yé wọn. Mo fi ihò náà hàn wọ́n. Wọ́n gbé ìdérí sẹ́nu, wọ́n fẹ́ atẹ́gùn, ó kọjá. Wọ́n fi ọ̀rá bò ó, wọ́n tún fẹ́ ẹ, kò kọjá. Ni wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tí n kò tíì gbọ́ láti ìgbà tí a ti sin màmá mi dé pápákọ̀ òfuurufú. Ìyá alákàrà náà ń bá wa rẹ́rìn-ín láìmọ ohun tó pa wá lẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ojú bàbá mi bọ́ sórí ọ̀rá yẹn, ẹ̀rín náà sì dákẹ́. Wọ́n ká a lójú ìlà rẹ̀, wọ́n sì fi í sí àpò àyà wọn.

Ẹ̀ẹ̀rùn kò pẹ́ dé. Wọ́n fi mí lé ìyá Ṣẹ́gun, aládùúgbò wa, lọ́wọ́, pé kí n máa sùn lọ́dọ̀ wọn. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ń lọ, ọyẹ́ mú, ẹrù wọn ga lẹ́yìn máṣíìnì.

"Máa ti ilẹ̀kùn o, Ìyá mi," ni wọ́n wí, wọ́n fi ọwọ́ tó ń rùn bí ọ́ìlì pa mí lórí, wọ́n gbá máṣíìnì, wọ́n sì gbéra.

Mo di géètì mú, mo ń gbọ́. Mo gbọ́ nígbà tí wọ́n yà, mo gbọ́ nígbà tí wọ́n kọjá ọjà, mo gbọ́ nígbà tí wọ́n dé ojú irin. Mo dúró. Omi tíì ṣì gbóná lórí sítóòfù, mo sì ti ń ronú pé kí n má tíì da tiwọn nù. Kò kú. Ó kọjá ojú irin, ó ń lọ, ó ń kéré sí i, títí n kò fi mọ ìyàtọ̀ láàárín rẹ̀ àti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ elùbọ́ lọ́jà. Mo ti géètì. Agbálùmọ̀ kan já bọ́ nílé kejì, mo sì gbọ́ ọ dáadáa.

Ìgbà tí màmá mi fi padà dé, mo ti wọ ilé ìwé tí a ń gbé. Ní báyìí bàbá mi ti dolóògbé, ẹnì kan ní Mọ́kọ́lá ló ra máṣíìnì náà, n kò sì mọ ibi tí ọ̀rá yẹn wọlẹ̀ sí. Ilé wa ní Bódìjà ti di ilé ìfowópamọ́. Irin rélùwéè ṣì wà níbẹ̀, koríko ti bo apá kan.

Àwọn ọmọ tèmi náà ti lọ tán báyìí, ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ìlú tirẹ̀. Bí ọkọ̀ bá wá gbé wọn lẹ́yìn ìsinmi, mo máa ń dúró ní géètì, mo máa ń gbàdúrà sókè kí ọkọ̀ má kú sọ́nà, wọ́n á sì ṣe àmín. Tọkàntọkàn ni mo fi ń gbà á. Ṣùgbọ́n etí mi ṣì wà lójú irin Bódìjà, ó ń retí pé kó kú.