Tómáàsì Mẹ́ta Orí Bébà Bàbá Onílé

Bí snow bá ti ń yọ́, tí basement, yàrá abẹ́ ilẹ̀, nílé ọmọ mi ní àdúgbò Cornerstone nílùú òyìnbó tí a ń gbé bẹ̀rẹ̀ sí í rùn bí ilẹ̀ tútù, ọkàn mi a sá padà sí Castleridge, àdúgbò mìíràn nílùú náà, sí basement tí a háyà nígbà tí bàbá mi ń kàwé ní yunifásítì. Òyìnbó arúgbó kan tó ti dáko ní ìgbèríko lápá Cochrane títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi kọ̀ ló ni ilé náà. Tómáàsì lorúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyá mi ní ẹnu òun kò gbà á láti pe àgbàlagbà lórúkọ. Bàbá Onílé ló ń jẹ́ lọ́dọ̀ wa.

Ìran rẹ̀ ló ń tọpa, àwọn àgbẹ̀ abúlé kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó fẹ́ dé ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kó tó kú, kó dúró níbi sàréè bàbá tó bí bàbá bàbá rẹ̀, tí òun náà ń jẹ́ Tómáàsì. Wàhálà ibẹ̀ ni pé Tómáàsì mẹ́ta ni wọ́n sin síbẹ̀, bàbá kan náà ló bí wọn. Ta ní í sọ ọmọ mẹ́ta ní orúkọ kan? Ọ̀rọ̀ náà dà á láàmú débi pé ó gbé bébà ìran rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ wá bá wa, àfi bíi pé àwa la sin wọ́n. Bàbá mi wò ó títí, orí tirẹ̀ náà dàrú. Ìyá mi nu gààrí kúrò lọ́wọ́, ó wò ó.

"Àbíkú ni. Ọmọ kan náà ló ń lọ, tó ń bọ̀. Èyí tó dúró dàgbà ni tiyín, Bàbá." Ó nawọ́ sí mi. "Èyí náà ti kọ́kọ́ wá rí, ó lọ, kó tó padà."

Èmi ni mò ń túmọ̀ láàárín ìyá mi àti Bàbá Onílé. Mo túmọ̀ ti Tómáàsì, n kò lè túmọ̀ tèmi. N kò gbọ́ ọ rí. Bàbá mi tẹjú mọ́ ẹ̀bà rẹ̀. Fún ìgbà pípẹ́ ni mo fi ń wo dígí, tí mò ń wá ẹni tó kọ́kọ́ wá. Ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí, àánú rẹ̀ sì ń ṣe mí. Bí mo bá bi ìyá mi, á ní kí n jẹun.

Bàbá Onílé lọ síbi sàréè náà, ó sì bọ̀. Ó ní bí ọmọ kan náà bá ni wọ́n, òun kò mọ èyí tí òun ì bá yàn, òun fi òdòdó sórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Gbogbo wọn ti lọ báyìí. Lánàá, ọmọ ọmọ mi ń ya àwòrán ìran ìdílé wa, ó ń kọ orúkọ wa sí i, fún iṣẹ́ school. "Grandma, are you the first born?" ló bi mí.

Mo ní kó kọ orúkọ mi lẹ́ẹ̀mejì.